Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Sẹ́ Ariwo Kúrò Nínú Fóltéèjì Sẹ́ẹ̀lì

Bátìrì Nissan Leaf àkọ́kọ́, èyí tó bọ́ sọ́jà ní ìparí ọdún 2010, ní sẹ́ẹ̀lì 192 nínú. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n wá to ìdìpọ̀ 96 náà tẹ̀lé ara wọn títí fóltéèjì gbogbo rẹ̀ fi tó nǹkan bí 360. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ lójú títì, BMS, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ bátìrì, gbọ́dọ̀ máa mọ fóltéèjì ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 96 yìí láìsinmi. Ohun tó bá kà ló fi ń pinnu ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ dáwọ́ iná gbígbà dúró, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n fa iná rẹ̀ sílẹ̀ kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, àti iye tí awakọ̀ yóò rí lójú dáṣíbọọ̀dù pé ó ṣẹ́ kù. Bí kíkà náà bá ń fò sókè sódò, gbogbo ìpinnu wọ̀nyí ni yóò mẹ́hẹ.

Ìwọ̀n tí a ń sọ yìí kéré gan-an. Irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní NMC máa ń kún ní fóltì 4.2. LFP, irú èyí tó pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná àti nínú bátìrì sólà tí à ń gbé sílé, máa ń kún ní 3.65. LFP yìí ló ń dán oníṣẹ́ wò jù. Tó bá wà láàárín ìdá 30 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, fóltéèjì rẹ̀ nígbà tó bá sinmi kì í sábà yí ju nǹkan bí mílífóltì 50 lọ. Ẹ rò ó wò: mílífóltì 50 péré ló dúró fún ìlàjì bátìrì. Bí ariwo bá fi mílífóltì 5 kún kíkà yín, ìṣirò lè fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí a fi nílò asẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ di ohun kan mú ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí: ẹ má ṣe fi asẹ́ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì. Asẹ́ tó dára fún kíka iye tó ṣẹ́ kù lè pẹ́ jù fún ààbò. Bátìrì tí kíkà rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, tí sẹ́ẹ̀lì kan sì ń kún ju bó ṣe yẹ lọ lábẹ́ rẹ̀, léwu ju èyí tí kíkà rẹ̀ ń gbọ̀n lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rántí pé fóltéèjì 360 ti bátìrì ń pani, kò sì ní fíúùsì NEPA tó máa gbà yín sílẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ààbò bátìrì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná gíga, ẹ má sì dá ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí ẹnì kejì.

Ibi tí ariwo ti ń wá

Èyí tó ń pariwo jù nínú ọkọ̀ oníná ni ínfátà tó ń bọ́ mọ́tọ̀ iná. Ó ń tan iná, ó ń pa á, ní nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 10 kHz. Àwọn mìíràn lọ sókè dé 20 kHz. Gbogbo ìgbà tó bá tàn tó sì pa ni kọ́rẹ́ǹtì bátìrì ń mì, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ń fi mílífóltì díẹ̀ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kejì ni èyí tó ń sọ iná gíga di fóltì 12 fún gílóòbù àti rédíò. Tirẹ̀ ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó rọrùn láti sẹ́. Ẹ̀kẹta ni ṣájà. Ṣájà tó ń gba iná NEPA onífáàsì kan, tí iná náà ń yí ní 50 Hz, lè fi ìgbì 100 Hz sílẹ̀ nínú kọ́rẹ́ǹtì tó ń rọ́ sínú bátìrì. Ẹ fi 100 Hz yìí sọ́kàn. A óò padà bá a.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni ariwo tó ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: kọ́ńtátọ̀ ńlá tó pa dé, tàbí ọ̀rọ̀ tó dàrú lójú ọ̀nà láti ṣípù tó ń wọn fóltéèjì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣèṣirò. Irú èyí kì í jọ ìgbì. Kíkà kan ṣoṣo ni yóò fò lọ sí fóltì 6, èyí tó tẹ̀ lé e á sì padà sí ipò rẹ̀.

Ohun kan wà tó jọ ariwo, tí kì í sì í ṣe ariwo rárá. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítáńsì nínú. Ẹ jẹ́ kí a mú un ní mílí-ohm 2. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì 100 A sì jáde, fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì náà yóò já wálẹ̀ ní mílífóltì 200 lójú ẹsẹ̀. Bó bá tẹ bíréèkì tí mọ́tọ̀ iná sì ń dá 100 A padà sínú bátìrì, yóò gòkè ní iye kan náà. Òótọ́ ni fóltéèjì yìí. Sẹ́ẹ̀lì ń rí i, kẹ́míkà inú rẹ̀ ń jìyà rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tó wo àwòrán rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, tí wọ́n ní ariwo ni, tí wọ́n sì fi asẹ́ líle tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ìwà ewu ni.

Àṣìṣe mìíràn wà tí asẹ́ kò lè tún ṣe. Bí ẹ bá so wáyà ìwọ̀n mọ́ ìkángun irin bàbà tó so sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀, dípò orí sẹ́ẹ̀lì gan-an, rẹsísítáńsì irin náà ti wọ inú ìwọ̀n yín. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílí-ohm péré, lábẹ́ 100 A, jẹ́ mílífóltì 10. Kò ní gbọ̀n, kò ní fò. Yóò kàn máa tẹ̀ lé kọ́rẹ́ǹtì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ tú wáyà náà, kí ẹ lọ so ó síbi tó yẹ.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí iná tó dé ADC

ADC ni ẹ̀yà tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà. Bí ẹ bá ń ka fóltéèjì ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohunkóhun tó bá ń yí ju ìgbà 50 lọ kò lè hàn bó ṣe rí. Kì í parẹ́ o, ńṣe ló ń para dà. Ariwo 10,001 Hz tí ẹ kà ní 100 Hz yóò jáde nínú nọ́ńbà yín bí ìgbì tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì jẹ́jẹ́ ni, ó jọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà tó sì ń tú iná. Kò sí asẹ́ inú kóòdù tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára fóltéèjì gidi. Nígbà tó bá ti dé inú nọ́ńbà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nítorí náà, asẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù, ṣáájú ADC: rẹsísítọ̀ kan (R) lójú wáyà ìwọ̀n, kapásítọ̀ kan (C) lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí asẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gé ariwo ni 1 pín fún (2π × R × C). Ẹ fi nọ́ńbà dán an wò. Rẹsísítọ̀ 100 ohm àti kapásítọ̀ 100 nF fún wa ní nǹkan bí 15.9 kHz. Bí ariwo ínfátà bá jẹ́ 10 kHz, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á ṣì kọjá, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ rẹsísítọ̀ náà di 1,000 ohm: 1.59 kHz ni yóò jẹ́, kìkì ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ariwo 10 kHz náà ni yóò sì ráyè kọjá.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a kò kúkú fi 10,000 ohm síbẹ̀. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ ṣípù ń fa kọ́rẹ́ǹtì kékeré. Máíkírò-áńpù 1 péré tó bá gba inú 1,000 ohm kọjá ti jẹ mílífóltì 1. Tó bá gba inú 10,000 ohm, ó ti jẹ mílífóltì 10, ẹ sì ti rí ohun tí mílífóltì 5 péré ń ṣe fún LFP. Ẹ wo ìwé ṣípù yín fún iye tó ń fà kí ẹ tó yan rẹsísítọ̀. Láàárín 100 sí 1,000 ohm ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára máa ń bọ́ sí.

Ṣípù òde òní ń ran wa lọ́wọ́. LTC6811, tí Linear Technology ṣe kí Analog Devices tó ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2017, ń wọn sẹ́ẹ̀lì 12, nítorí náà bátìrì onídìpọ̀ 96 yóò gba 8 irú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílífóltì. Ó ní asẹ́ nínú ADC rẹ̀, tí ẹ lè yàn bí ẹ bá ṣe fẹ́. Tí ẹ bá yàn án sí 7 kHz, ó ń parí sẹ́ẹ̀lì 12 láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 2.3. Tí ẹ bá yàn án sí 26 Hz, kíkà rẹ̀ á mọ́ kinkin, ariwo ínfátà á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó máa gba mílísẹ́kọ́ńdì 201 kó tó parí. Ìyẹn ni pé ẹ kò lè ka sẹ́ẹ̀lì ju ìgbà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. BQ79616 ti Texas Instruments gba ọ̀nà mìíràn: ó ń wọn gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ 16 láàárín máíkírò-sẹ́kọ́ńdì 128, ó sì ní asẹ́ kóòdù tirẹ̀ nínú tí ẹ lè yàn láti 6.5 Hz títí dé 600 Hz.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níyànjú ni pé kí wọ́n má ṣe yan 26 Hz nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré máa ń jẹ́ kí ògì mọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ á pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ asẹ́ fóltéèjì rí. Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì kíákíá, kí ẹ wá sẹ́ ẹ nínú kóòdù níbi tí ẹ ti lè pín in sí ọ̀nà méjì.

Asẹ́ inú kóòdù

Kí nọ́ńbà kankan tó wọ asẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá odindi ló dé. LTC6811 máa ń fi àmì àyẹ̀wò kan, tí wọ́n ń pè ní PEC, sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó bá fi ránṣẹ́. Bí àmì náà kò bá bára mu, ẹ ju kíkà náà nù, ẹ di èyí tó ṣáájú mú, ẹ sì kà á sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ti bàjẹ́. Bó bá bàjẹ́ léraléra, àìsàn ni, kí ọkọ̀ sọ fún awakọ̀. Nọ́ńbà tó bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ dénú asẹ́ láé, nítorí asẹ́ kò mọ irọ́. Yóò kàn pò ó mọ́ òótọ́ ni.

Fún kíkà kan ṣoṣo tó fò lọ láìnídìí, kò sí ohun tó dára tó kí a gba kíkà mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí a tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kí a sì mú ti àárín. 3.301, 6.012, 3.302: ti àárín ni 3.302. Èyí tó fò náà ti lọ láìfi àpá sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àròpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, fóltì 4.205 ni ẹ óò rí, bátìrì LFP á sì pa ara rẹ̀ lójú títì nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Kíkà kan péré ni ọ̀nà yìí ń fi pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àròpín tó ń rìn: ẹ ro kíkà N tó kẹ́yìn pọ̀, ẹ pín in fún N. Ariwo tí kò ní ìlànà máa ń dín kù ní ìwọ̀n gbòǹgbò N. Kíkà 16 ń sọ ọ́ di ìdá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù fún ni ìgbì ṣájà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹ bá ń ka sẹ́ẹ̀lì ní 100 Hz gẹ́lẹ́, ìgbì 100 Hz ti ṣájà yóò máa bọ́ sí ojú kan náà nígbà gbogbo tí ẹ bá kà. Kò ní hàn bí ìgbì rárá. Yóò hàn bí fóltéèjì tó ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ kà á ní 500 Hz dípò bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa ṣe àròpín kíkà 5. Kíkà 5 ní 500 Hz jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 10, ìyípo kan gbáko ìgbì náà. Òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á pa ara wọn rẹ́. Ẹ ó rí nọ́ńbà 100 tó mọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Jẹnẹrétọ̀ ń kọ́? Ìyẹn kì í dúró sí 50 Hz. Bó bá sáré dé 52, ìgbì ṣájà á di 104 Hz, nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á sì jò kọjá nínú àròpín yìí. Ó ṣeé fara dà.

Asẹ́ tó pọ̀ jù nínú BMS ni èyí tó ń rántí díẹ̀díẹ̀: nọ́ńbà tuntun = nọ́ńbà àtijọ́ + α × (kíkà − nọ́ńbà àtijọ́). Kò gba àyè nínú kọ̀ǹpútà kékeré, nọ́ńbà kan péré ló ní láti fi pamọ́ fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí α bá jẹ́ 1/8, ariwo á dín kù ní ìlọ́po bíi 3.9. Àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn 1/8 nítorí pé kọ̀ǹpútà kékeré lè fi ìyísọ́tùn-ún bit mẹ́ta ṣe é láìṣe pínpín.

Níbí gan-an ni ọ̀fìn wà, ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ọn. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá mílífóltì ka nọ́ńbà, bí LTC6811 ti ń ṣe, fóltì 3.3 jẹ́ 33000. Asẹ́ yín wà ní 33000, sẹ́ẹ̀lì sì ti gòkè sí 33007. Ìyàtọ̀ jẹ́ 7. Ẹ yí 7 sọ́tùn-ún ní bit mẹ́ta: òfo. Asẹ́ kò kúrò níbi tó wà. Kíkà tó kàn jẹ́ 33007, ìyàtọ̀ 7, òfo lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí ayé ni yóò fi wà ní 33000. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀: bí sẹ́ẹ̀lì bá jábọ́ sí 32999, ìyàtọ̀ jẹ́ −1, ìyísọ́tùn-ún −1 nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì jẹ́ −1, kì í ṣe òfo. Asẹ́ á jábọ́ lójú ẹsẹ̀. Asẹ́ yìí rọ̀ láti sọ̀kalẹ̀, ó sì le láti gòkè; ó lè máa sọ pé sẹ́ẹ̀lì kéré sí bó ṣe wà ní ìdá méje nínú mẹ́wàá mílífóltì. Ẹni tó bá lo àmì pínpín dípò ìyísọ́tùn-ún, tirẹ̀ á há sókè, á há sísàlẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi ìlọ́po mẹ́jọ nọ́ńbà náà pamọ́:

S = S + kíkà − (S >> 3)
fóltéèjì = S >> 3

S gbọ́dọ̀ jẹ́ bit 32, torí pé ìlọ́po mẹ́jọ 33000 kò lè wọ inú bit 16. Pẹ̀lú èyí, ìyàtọ̀ 7 náà á máa kó jọ sínú S títí fóltéèjì yóò fi dé 33007.

Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ má jẹ́ kí S bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ fi ìlọ́po mẹ́jọ kíkà àkọ́kọ́ tó péye sínú rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òfo, sẹ́ẹ̀lì tó wà ní 3.3 á farahàn lábẹ́ 2.5 fún kíkà 10 àkọ́kọ́, BMS á sì pariwo pé bátìrì ti kú. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan tó rọ́pò bọ́ọ̀dù léraléra nítorí irú ariwo èké yìí, nígbà tó jẹ́ ìlà kóòdù kan péré ló fà á.

Ọ̀nà méjì, asẹ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí pípẹ́ asẹ́ lè fà. Sẹ́ẹ̀lì NMC kan wà ní 4.10, ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, 100 A rọ́ wọlé, mílí-ohm 2 sì gbé sẹ́ẹ̀lì náà dé 4.30 lójú ẹsẹ̀. BMS gbọ́dọ̀ dín kọ́rẹ́ǹtì kù tó bá rí 4.25. Bí asẹ́ yín bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.4 ni yóò gbà kó tó rí 4.25. Ní gbogbo àsìkò yẹn, sẹ́ẹ̀lì náà ti wà ní 4.30, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí àsìkò asẹ́ náà bá jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 50, kò ní ju mílísẹ́kọ́ńdì 70 lọ.

Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá jáde láti inú asẹ́ ti àárín kíkà mẹ́ta, ẹ pín in sí méjì. Apá kan á lọ tààrà sí ààbò, pẹ̀lú asẹ́ fúyẹ́ tàbí láìsí asẹ́ mìíràn. Kí ẹ ní kí kíkà mẹ́ta tẹ̀léra kọjá ààlà kí BMS tó ṣe ìpinnu. Apá kejì á gba inú asẹ́ tó lágbára lọ sí ìṣirò iye tó ṣẹ́ kù àti sí mímú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Ẹ ṣírò àsìkò gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà ààbò: RC, ADC, ìfiránṣẹ́, kíkà mẹ́ta, títí dé ìgbà tí kọ́ńtátọ̀ yóò ṣí. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ẹ óò fi wéra pẹ̀lú àsìkò tí sẹ́ẹ̀lì yín lè fara dà. ISO 26262, ìlànà ààbò ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ń béèrè irú ìṣirò yìí.

Nínú ọ̀nà ààbò, ẹ sẹ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó wá èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù. Àwọn kan máa ń ṣe é lódì: wọ́n á wá èyí tó ga jù, wọ́n á wá sẹ́ nọ́ńbà yẹn. Lónìí sẹ́ẹ̀lì 14 ló ga jù, láìpẹ́ sẹ́ẹ̀lì 51 ni, asẹ́ wọn sì ń da ìtàn ẹni méjì pọ̀.

Kí fóltéèjì àti kọ́rẹ́ǹtì jọ rìn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ rẹsísítáńsì sẹ́ẹ̀lì, tàbí tó ń lo asẹ́ Kálmán láti mọ iye tó ṣẹ́ kù, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Rudolf Kálmán gbé asẹ́ rẹ̀ jáde ní 1960. Gregory Plett sì kọ bí a ṣe lè fi ẹ̀yà rẹ̀ kan ṣiṣẹ́ lórí bátìrì ọkọ̀ nínú ìwé ìròyìn Journal of Power Sources ní 2004. Ọgbọ́n asẹ́ náà wà nínú fífi kọ́rẹ́ǹtì sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí fóltéèjì yóò jẹ́, kí a sì wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ẹ bá ti fi asẹ́ dá fóltéèjì dúró ṣáájú, wọn kò ní bára mu láé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. Kọ́rẹ́ǹtì fò dé 100 A. Asẹ́ fóltéèjì yín ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 500 kó tó dé ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, kọ́rẹ́ǹtì kò ní asẹ́ kankan. Lẹ́yìn mílísẹ́kọ́ńdì 100, mílífóltì 36 péré nínú 200 ló tíì hàn. Ẹ pín in fún 100 A: mílí-ohm 0.36. Sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ mílí-ohm 2 ti di ọ̀dọ́mọdé lójú ìṣirò yín. Ẹ fi asẹ́ kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, sí ojú ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ sì ka méjèèjì ní àsìkò kan náà. Fún Kálmán, asẹ́ fúyẹ́ ló dára jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ asẹ́.

Nígbà tí a bá ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba

Mímú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì gba inú wáyà ìwọ̀n, kíkà yóò sì kéré sí bó ṣe yẹ. Ẹ pa á kí ẹ tó kà, ẹ dúró kí kapásítọ̀ RC padà bọ̀ sípò. Pẹ̀lú 1,000 ohm àti 100 nF, ìdajì mílísẹ́kọ́ńdì tó. Kíkà tó bá wọlé nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ asẹ́ líle, torí pé yóò wà nínú ìrántí rẹ̀ pẹ́. Kapásítọ̀ yìí kan náà tún lè tàn yín jẹ bí wáyà ìwọ̀n bá já: ó lè di fóltéèjì àtijọ́ mú fún ìgbà díẹ̀ bíi pé ohun gbogbo dára. Ẹ máa lo àyẹ̀wò wáyà tó já tó wà nínú ṣípù, ẹ sì máa fi àròpọ̀ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wé fóltéèjì odindi bátìrì.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò lórí tábìlì

Ẹ so ìwọ̀n mọ́ orísun fóltéèjì tó dúró, kí ẹ gba ẹgbẹ̀rún kíkà láìsí asẹ́, ẹgbẹ̀rún mìíràn pẹ̀lú asẹ́, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe tàn ká tó. Bí α bá jẹ́ 1/8, tí ariwo kò sì dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, ó ní ìgbì kan tó ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ wá a. Lẹ́yìn náà, ẹ fò fóltéèjì sókè lójijì, kí ẹ fi aago wọn ìgbà tí ààbò gbà kó tó ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹ máa ṣe nígbà tí ínfátà bá ń ṣiṣẹ́, láti ìyára kékeré dé ìyára ńlá. Ẹ wá ìgbì tó lọ́ra, tó ń yí padà bí ìyára ṣe ń yí. Tí ẹ bá rí i, ẹ yí iye ìgbà tí ẹ ń kà padà díẹ̀, bóyá láti 500 sí 490. Bí ìgbì náà bá yí ìyára rẹ̀ padà pẹ̀lú ìyẹn, ariwo ínfátà tó para dà ni. Ẹ kúrò lórí kóòdù, ẹ padà sórí bọ́ọ̀dù, ẹ lọ tún RC ṣe. Bí kò bá yí padà, ìgbì gidi ni, ó wà nínú bátìrì náà.

Ohun kan náà ló wúlò fún ẹni tó ń tún bátìrì okada oníná ṣe ní Kútọnu tàbí Lomé, àti fún ẹni tó ń to sẹ́ẹ̀lì LFP 16 fún sólà ní Ìbàdàn. Kìkì pé fóltéèjì tiwọn kéré, àsìkò tí wọ́n ní sì pọ̀ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kọ ọ́ sí ara bọ́ọ̀dù tàbí sínú ìwé tó ń bá bátìrì náà rìn: rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ tí ẹ lò, iye ìgbà tí ẹ ń kà, α ọ̀nà ààbò, α ọ̀nà kejì, àti àsìkò tí ààbò gbà nígbà tí ẹ dán an wò. Oníṣẹ́ tó máa ṣí bátìrì yìí lẹ́yìn yín kò ní rí yín bi léèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó máa méfò.